Bí Ilé-Ẹ̀kọ́ Kan Ṣe Mọ Àwọn Aláṣẹ Òkè Ọya

Nínú àwọn tí wọ́n ti darí ìjọba Nàìjíríà láti ìgbà òmìnira, márùn-ún ni wọ́n jáde láti ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo: Abubakar Tafawa Balewa, Yakubu Gowon, Murtala Mohammed, Shehu Shagari àti Umaru Musa Yar'Adua. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ń yí padà bí wọ́n ti ń gbé e láti ìlú kan dé òmíràn. Katsina College ni nígbà tí Balewa ń kàwé níbẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Kaduna ní 1938, ó sì di Kaduna College. Ibẹ̀ ni Shagari ti kàwé. Wọ́n tún gbé e lọ sí Zaria ní 1949, ó di Government College tí Gowon àti Murtala lọ. Nígbà tí Yar'Adua fi dé ibẹ̀, ó ti di Barewa College, orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní. Ahmadu Bello, Sardauna Sokoto, náà jáde níbẹ̀. Òun kò jẹ olórí Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú ikú rẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ní Èkó ni agbára wọn tó tirẹ̀.

Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn olóṣèlú ni pé àwọn ọmọ ilé-ìwé kan náà ló ń fa ara wọn gòkè. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfanigòkè nìkan kò lè sọ ìdí tí àwọn ọmọkùnrin tí ìjọba òyìnbó kó jọ láti fi ṣe olùkọ́ fi wá di olórí ìjọba, kò sì lè sọ ìdí tí àwọn kan nínú wọn fi kẹ̀yìn sí ètò tí ó tọ́ wọn dàgbà. Ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni bí àwùjọ ṣe ń mọ ènìyàn bí amọ̀kòkò ti ń mọ ìkòkò, àti ohun tí ẹni tí wọ́n mọ bẹ́ẹ̀ ń fi ipò tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ṣe.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lórí ohun tí òwe yìí ń sọ ni àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ gbé ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn lé. Émile Durkheim, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó kú ní 1917, kọ́ni pé ẹ̀kọ́ ju ìwé kíkà lọ: iṣẹ́ tí àwọn àgbà ń ṣe ni, lára àwọn tí kò tíì gbó fún ìgbé-ayé àwùjọ, kí wọ́n lè di irú ènìyàn tí àwùjọ náà ń fẹ́. Sísọni di ọmọ àwùjọ ni à bá máa pè é. Ní 1936, Ralph Linton, ará Amẹ́ríkà, ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀: ipò tí ènìyàn wà, àti ojúṣe tí ó rọ̀ mọ́ ipò náà. Ó tún pín ipò fúnra rẹ̀ sí ọ̀nà méjì, èyí tí a bí mọ́ni àti èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá. Ọmọ ọba, ipò ni. Bí ọmọ ọba ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ó ń tẹríba fún àti ẹni tí ó ń retí pé kí ó tẹríba fún òun, ojúṣe ni ìyẹn. Ìtàn Katsina College jẹ́ ìtàn ìjọba kan tí ó mọ̀ọ́mọ̀ dá ojúṣe tuntun sílẹ̀ kí ipò àtijọ́ má baà yẹ̀.

Nígbà tí Lugard ṣẹ́gun Sokoto ní oṣù kẹta ọdún 1903, ó ṣèlérí fún àwọn aláṣẹ ibẹ̀ pé ìjọba òun kò ní dá sí ẹ̀sìn wọn. Ìlérí yẹn ni wọ́n dì mú tí wọ́n fi ká àwọn míṣọ́nnárì lọ́wọ́ kò ní púpọ̀ nínú ilẹ̀ àwọn Ẹ́míà, bẹ́ẹ̀ àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilé-ìwé gúúsù sílẹ̀. Ní Èkó, ọ̀mọ̀wé tí ó jáde nílé-ìwé ní ìwé ìròyìn tí ó lè fi bá gómìnà wíjọ́. Ohun tí àwọn òyìnbó Òkè Ọya kò fẹ́ rí nìyẹn. Wọ́n nílò àwọn tí yóò kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé àwọn ẹkùn, wọ́n nílò akọ̀wé fún ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ Herbert Macaulay kankan ní Kano tàbí Sokoto. Lábẹ́ Gómìnà Hugh Clifford, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Katsina ní 1921, Clifford fúnra rẹ̀ sì ṣí i ní 1922. Èrò wọn ni pé kí ọmọ gba ìmọ̀ òyìnbó láì di òyìnbó.

Gbogbo ohun tí ó wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n ṣètò láti bá èrò yìí mu. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ní ìlànà ilé àwọn Hausa, kí ọmọ tí ó bá wọlé má baà rò pé ilé àjèjì ni òun wà. Aṣọ ilẹ̀ Hausa ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀. Kò sí ṣòkòtò pénpé, kò sí táì. Wọ́n ń kírun bí ó ti yẹ, wọ́n ń kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù pẹ̀lú ìṣirò. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ló ń kọ́ wọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, nígbà tí oòrùn bá sì rọlẹ̀, eré àwọn ilé-ìwé ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń ṣe: kíríkẹ́ẹ̀tì, àti eré gbígbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri tí wọ́n ń pè ní fives, èyí tí Ahmadu Bello kò fi sílẹ̀ títí ó fi di Prẹ́míà. Agbádá lára, báàtì kíríkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́: àwòrán yìí sọ ju ìwé òfin ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà tí kò sí nínú ìwé kankan. Kí ọmọ Bauchi tó dé Katsina, ọmọ Bauchi ni ó mọ ara rẹ̀ sí. Ọmọ Bornu kò ka ara rẹ̀ sí ọ̀kan pẹ̀lú ọmọ Sokoto. Ìjà tí àwọn baba ńlá wọn bá ara wọn jà nígbà jíhàádì kò tíì di ohun ìgbàgbé. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí kó wọn jọ, pẹ̀lú ọmọ Ilorin àti ọmọ Zaria, wọ́n jùmọ̀ ń jẹun, wọ́n jùmọ̀ ń sùn fún ọdún márùn-ún. Wọ́n mọ orúkọ ara wọn, wọ́n mọ ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu àti ẹni tí ó lè pa àṣírí mọ́. "Òkè Ọya" tí ó jẹ́ ìlà lásán tí òyìnbó fà sórí ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í ní ojú àti orúkọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú NPC wá sọ pé Àríwá kan ni, ènìyàn kan ni, láìwo ẹ̀sìn, ipò tàbí ẹ̀yà, àwọn tí ó ń sọ ọ́ ti gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ rí ní ilé-ẹ̀kọ́.

Ta ni wọ́n tilẹ̀ ń mú lọ? Ọ̀pọ̀ Ẹ́míà kọ́kọ́ fura sí ilé-ìwé òyìnbó, àwọn mìíràn sì fi ọmọ ìránṣẹ́ ránṣẹ́ dípò ọmọ bíbí inú wọn. Ọlọ́run nìkan ló mọ iye ọmọ ọba tí ó pàdánù ipò ọjọ́ iwájú lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ahmadu Bello, tí ó wà níbẹ̀ láti 1926 sí 1931, jẹ́ ìran Usman dan Fodio. Bàbá rẹ̀ ni olórí ẹkùn Rabah. Balewa, tí ó wà níbẹ̀ láti 1928 sí 1933, kì í ṣe ọmọ ọba rárá. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjòyè kan ní ilẹ̀ Bauchi. Ní ààfin, ọ̀kan ni yóò jókòó, èkejì ni yóò dúró. Ní kíláàsì, orí àga kan náà ni wọ́n jókòó sí. Oríṣi ipò méjèèjì tí Linton ń sọ pàdé lábẹ́ òrùlé kan, olùkọ́ òyìnbó sì ń fi ìdánwò kan náà wọn wọ́n.

Kò pẹ́ tí ayé fi rán wọn létí pé kíláàsì kì í ṣe ààfin. Àwọn méjèèjì di olùkọ́, Bello ní Sokoto, Balewa ní Bauchi. Ní 1934, Bello kúrò nídìí pátákó, ó di olórí ẹkùn Rabah bíi bàbá rẹ̀. Ní 1938, ó du ipò Sultan, kò sì wọlé. Abubakar Kẹta tí ó wọlé ló fi í jẹ Sardauna. Balewa kò ní ìtẹ́ kankan tí ó lè dù. Ó dúró nídìí iṣẹ́ olùkọ́, ó di ọ̀gá ilé-ìwé, ó kọ ìwé ìtàn àròsọ kan ní èdè Hausa, *Shaihu Umar*, nígbà tí ó sì di 1945, ó lọ kàwé sí i ní London.

Bauchi ni ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń wá ìdí òṣèlú Òkè Ọya dúró sí fún ìgbà díẹ̀. Ní 1943, àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé kan dá ẹgbẹ́ ìjíròrò sílẹ̀ níbẹ̀. Balewa wà nínú rẹ̀. Sa'adu Zungur wà nínú rẹ̀, ọmọ Katsina College mìíràn, ẹni àkọ́kọ́ láti Òkè Ọya tí ó wọ Yaba Higher College. Aminu Kano wà nínú rẹ̀, ọmọ ìdílé àwọn adájọ́ ní Kano, tí Kaduna College tọ́. Ọwọ́ amọ̀kòkò kan náà ló mọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òyìnbó sì rò pé òun mọ ohun tí òun mọ. Zungur di akọ̀wé ẹgbẹ́ NCNC ti Azikiwe, ẹgbẹ́ tí àwọn aláṣẹ Òkè Ọya kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Aminu Kano di ẹni tí ó tako àwọn Ẹ́míà jù lọ. Balewa dúró láàrin.

Oṣù kẹjọ ọdún 1950 ni ìyàtọ̀ wọn hàn sí gbogbo ayé. Nínú ilé ìgbìmọ̀ ní Kaduna, níwájú àwọn Ẹ́míà àti òyìnbó, Balewa dìde, ó sì bẹnu àtẹ́ lu ìjọba ìbílẹ̀: ó ní rìbá ti gbilẹ̀, ó ní agbára ọba kò ní ààlà, ó béèrè pé kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Kò tíì sí ọmọ ìránṣẹ́ kankan tí ó bá àwọn Ẹ́míà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n inú ilé ni ó ti sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ àti ọ̀wọ̀, bí olùkọ́ rere ti ń tọ́ ọmọ sọ́nà. Nínú oṣù kan náà, ní Kano, àwọn ẹgbẹ́ Aminu Kano dá NEPU sílẹ̀ ní orúkọ àwọn talakawa. Ọ̀rọ̀ yìí ni Yorùbá yá tí ó di tálákà lẹ́nu wa, tí a sì fi ń pe ẹni tí kò lówó. Lẹ́nu Hausa, ó ju àìlówó lọ: ẹni tí kò ní oyè, tí kò sí nínú ìran aláṣẹ, ni talaka, bí ó tilẹ̀ lówó. Ipò tí a bí mọ́ni ni Aminu Kano ń bá jà. Ìwà àwọn tí ó wà nípò náà ni Balewa ń bá wí.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ Durkheim kò ti tó fún ìtàn wa. Ẹni tí wọ́n tọ́ láti ṣe ojúṣe kan kò dà bí ẹ̀rọ tí a tẹ̀ bọ́tìnnì lára rẹ̀. Ó lè gba ojúṣe náà tọkàntọkàn, ó lè máa fi ẹnu sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn, ó sì lè mú ohun èlò tí wọ́n fún un, kí ó fi wó ògiri. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ Aminu Kano kí ó lè kọ́ ọmọ àwọn ìjòyè ni ó fi ka ìwé àwọn tí kò gbà pé ó yẹ kí ìjòyè wà.

Ìṣòro mìíràn dìde nígbà tí ẹnìkan bá wà nípò méjì tí ojúṣe wọn kò bára mu. Láti 1954, Ahmadu Bello ni Prẹ́míà Òkè Ọya àti olórí ẹgbẹ́ NPC. Ní 1957, nígbà tí ipò Olóòtú Ìjọba gbogbo Nàìjíríà ṣí sílẹ̀, ẹni tí ó yẹ kí ó gbà á nípa òfin òṣèlú ni olórí ẹgbẹ́ tí ó tóbi jù. Sardauna dúró sí Kaduna, igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ló lọ sí Èkó. Balewa wá di ọ̀gá lórí gbogbo orílẹ̀-èdè, kí ó tó padà wọ ìpàdé ẹgbẹ́ tí ó ti jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn. Àwọn alátakò fi í ṣẹ̀sín títí pé ìránṣẹ́ Sardauna ni. Ẹ̀sín náà le jù, nítorí Balewa ní ọgbọ́n àti sùúrù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ètò náà kò dá ìṣòro sílẹ̀. Ní 1962 àti 1964, nígbà tí rògbòdìyàn ìwọ̀ oòrùn àti ti ìdìbò ń fẹ́ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ kan kí gbogbo ènìyàn gbà á, ipò àti agbára kò sí lọ́wọ́ ẹnìkan náà.

Sardauna pàápàá kò bọ́. Ọmọ jíhàádì ni, olùgbèjà ìtẹ́ ni. Prẹ́míà ni pẹ̀lú, gbogbo Ẹ́míà sì wà lábẹ́ ìjọba rẹ̀. Ojúṣe méjèèjì forí gbárí ní 1963, nígbà tí ìwádìí lórí owó ìjọba ìbílẹ̀ Kano mú kí Ẹ́míà Muhammadu Sanusi fi ìtẹ́ sílẹ̀, tí ó sì lọ gbé ní Azare. Nínú àwọn tí wọ́n tọ́ láti dáàbò bo ìtẹ́ ni ẹni tí ó lé ọba kúrò lórí ìtẹ́ ti jáde.

Ọ̀rọ̀ kan kò gbọ́dọ̀ fò kọjá. Ọmọkùnrin ni gbogbo àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn. Àwọn arábìnrin wọn gba ẹ̀kọ́ tiwọn nínú ilé, ojúṣe tí wọ́n sì gbé lé wọn lọ́wọ́ kò ní ìbò dídì nínú. Àwọn ọmọ Katsina College, tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ pé ẹ̀kọ́ ló gbé àwọn ga, ṣe ìjọba Òkè Ọya títí dé 1966 láì fún obìnrin ibẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. 1976 ni ẹ̀tọ́ náà dé, lábẹ́ ìjọba ológun. Bákan náà, Àríwá kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹnu ọ̀nà tí ó tì: nínú iṣẹ́ ìjọba agbègbè náà, ọmọ Òkè Ọya ló kọ́kọ́ ń rí i gbà, bí kò bá sí, wọ́n a gba òyìnbó, ọmọ Nàìjíríà láti gúúsù ló wà lẹ́yìn.

Àwọn ọmọ ogun pa Sardauna àti Balewa ní oṣù kìíní ọdún 1966. Kí ọdún náà tó parí, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan náà mìíràn ti di olórí. Ìtọ́dàgbà Yakubu Gowon yàtọ̀. Ọmọ ẹ̀yà Ngas ni láti Plateau, Kìrìsìtẹ́nì ni, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ajíhìnrere ní Wusasa lẹ́bàá Zaria, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ibi tí míṣọ́n ti rí ààyè ní ilẹ̀ Ẹ́míà. Hausa di èdè rẹ̀, Government College Zaria fi orúkọ Àríwá lé e lórí, Sandhurst sì sọ ọ́ di ọ̀gá ológun. Ọkùnrin yìí ni ó gé Òkè Ọya sí ìpínlẹ̀ mẹ́fà ní oṣù karùn-ún ọdún 1967, nígbà tí ó dá ìpínlẹ̀ méjìlá sílẹ̀. Ìṣọ̀kan tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọ́, ọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ló fi pín in. Ọmọ ẹ̀yà kékeré mọ ohun tí ọmọ ìran aláṣẹ kò mọ̀ nípa ilé ńlá náà.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, Gowon gbìyànjú láti ṣe fún Nàìjíríà ohun tí Katsina ṣe fún Òkè Ọya. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1973, ìjọba rẹ̀ ṣòfin tí ó dá NYSC sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gboyè yóò kúrò ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, yóò lọ sìn níbi tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń kó àwọn àgùnbánirọ̀ sí àgọ́: aṣọ kákí kan náà, fèrè ní òwúrọ̀ kùtù, oúnjẹ láti inú ìkòkò kan, ọmọ ọlọ́rọ̀ àti ọmọ tálákà lórí ìlà kan. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Katsina yóò dá ọgbọ́n náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyàtọ̀ wà, kò sì kéré. Ọmọdé tí ọkàn rẹ̀ ṣì rọ̀ ni Katsina mú, ó sì fi ọdún márùn-ún mọ ọ́n. Ẹni tí ó ti lé ní ogún ọdún ni NYSC ń gbà, tí ilé, ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí rẹ̀ ti mọ tán, ó sì ní ọdún kan ṣoṣo láti fi tún un mọ. Katsina tún fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́ tí ó dájú nígbà tí wọ́n bá jáde. Àgùnbánirọ̀ òde òní ń bọ́ kákí láì mọ ibi tí ó kàn.

Peter Ekeh, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti tọ́ka sí ìdí tí iṣẹ́ náà fi le, nínú àròkọ kan tí ó gbé jáde ní 1975. Ó ní gbàgede méjì ni ọmọ Áfíríkà tí ó kàwé ń gbé. Gbàgede ti ìran àti ìlú rẹ̀ ni èkínní. Ibẹ̀ ni ó ti ń san owó ẹgbẹ́ láì ráhùn, tí ojú sì ń tì í bí ó bá jalè. Gbàgede ìjọba ni èkejì, tí òyìnbó fi sílẹ̀. Ibẹ̀, ohun tí ó bá rí gbà ni èrè, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí nílé. Ọmọ kan náà ni, ojúṣe méjì ló ń ṣe. NYSC fẹ́ gbin ìfẹ́ gbàgede àkọ́kọ́ sínú èkejì.

Ní ibi púpọ̀ ó yọrí sí rere: ìgbéyàwó wà tí àgọ́ NYSC bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ilé-ìwé abúlé sì wà tí àgùnbánirọ̀ nìkan ni olùkọ́ ìṣirò tí ó ní. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2011, lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ, wọ́n pa àgùnbánirọ̀ mẹ́wàá ní ìpínlẹ̀ Bauchi, àwọn ọ̀dọ́ tí àjọ INEC lò fún iṣẹ́ ìdìbò. Aṣojú Nàìjíríà ni wọ́n ka ara wọn sí nínú kákí yẹn. Lójú àwọn tí ó pa wọ́n, àjèjì tí ó wá kó ìbò wọn lọ ni wọ́n.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ kò tíì pinnu irú ènìyàn tí ó fẹ́ mọ. Òfin 1999 dáàbò bo NYSC débi pé kò rọrùn láti pa á rẹ́. Òfin kan náà sọ pé ọmọ ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ jẹ́ ara àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ọdún tí ènìyàn fi sìn níbì kan kò sí nínú ohun tí wọ́n ń kà, ogún ọdún tí ó fi gbé ibẹ̀ kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Nípa ìtumọ̀ yìí, Gowon tí ó dàgbà ní Wusasa, tí ó kàwé ní Zaria, tí ó sì dá NYSC sílẹ̀, kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ Kaduna.